Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Agbára Ẹ́ńjìnnì àti Kílọ́ọ̀ṣì Ọkọ̀

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí yẹ kí ó máa dún létí gbogbo onímọ́tò, awakọ̀ àti mọkáníìkì ní àkókò yìí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá ọ̀nà láti fi kún agbára ẹ́ńjìnnì tí ń lo epo dísù. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ pé kí ènìyàn fẹ́ kí ọkọ̀ òun lágbára. Ohun tí ó burú ni pé púpọ̀ nínú àwọn tí ń fi agbára kún ẹ́ńjìnnì kì í bèèrè bóyá kílọ́ọ̀ṣì àti gíábọ́ọ̀sì yóò lè ru ohun tí wọ́n fẹ́ gbé lé wọn lórí. Ibi tí okùn bá ti tín-ín-rín ni ó ti ń já. Nínú ọkọ̀ tí awakọ̀ ń fi ọwọ́ pààrọ̀ gíà rẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì ni ibi tí okùn náà ti sábà máa ń tín-ín-rín jù lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n wà ní ìdálẹ̀ gidigidi. Ní Kano, ní Jos, ní Kaduna àti ní Minna, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni iṣẹ́ ọkọ̀ ń bọ́. Àwọn kan ń wakọ̀, àwọn kan ń tún un ṣe, àwọn kan ń ta ẹ̀yà ara rẹ̀, àwọn oníṣòwò sì ń fi í kó ọjà láti ìlú kan dé òmíràn. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá jóná ní agbedeméjì Jebba àti Mokwa, kì í ṣe irin nìkan ni ó bàjẹ́. Tòmátì àti ata lè jẹrà, àdéhùn lè yẹ̀, àwọn èrò inú ọkọ̀ náà sì lè di ẹni tí ilẹ̀ ṣú mọ́ ní ibi tí wọn kò mọ ẹnì kan.

Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni ẹṣin iwájú nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí àṣà fífi kún agbára píkọ́ọ̀pù oní-dísù ti gbilẹ̀ níbẹ̀, àwọn tí ó ti ṣe àṣìṣe níbẹ̀ sì ti fi owó ara wọn kọ́ ọgbọ́n. Ní ọdún 1989, ilé iṣẹ́ Dodge gbé ẹ́ńjìnnì Cummins oní-sìlíńdà mẹ́fà, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ lítà 5.9, sínú píkọ́ọ̀pù wọn. Ìlú Columbus ní ìpínlẹ̀ Indiana ni oríkò ilé iṣẹ́ Cummins wà. Irú ẹ́ńjìnnì yìí ti ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ oko kí ó tó wọ inú píkọ́ọ̀pù, nítorí náà ẹ́ńjìnnì iṣẹ́ ni, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì eré sísá. Agbára ẹṣin 160 péré ni ó ní, ṣùgbọ́n agbára ìyípo rẹ̀ jẹ́ 400.

Ó yẹ kí ìtumọ̀ agbára ìyípo yé gbogbo ènìyàn, nítorí òun gan-an ni ó ń bá kílọ́ọ̀ṣì wọ̀jà. Bí nọ́ọ̀tì bá le, mọkáníìkì a ki páìpù bọ ìdí sípánà kí ó lè gùn sí i, nọ́ọ̀tì náà a sì tú. Apá mọkáníìkì náà kò nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gígùn sípánà ni ó sọ agbára ọwọ́ rẹ̀ di púpọ̀. Agbára tí ń yí nǹkan báyìí ni agbára ìyípo. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi pọ́n-ùn àti ẹsẹ̀ bàtà wọ̀n ọ́n: bí sípánà bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà kan, tí ẹnì kan sì gbé ẹrù pọ́n-ùn kan kọ́ sí ìpẹ̀kun rẹ̀, ìwọ̀n kan nìyẹn. Nítorí náà, agbára ìyípo 400 dà bí ìgbà tí ẹrù tí ó ju àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta ààbọ̀ lọ bá rọ̀ sí ìpẹ̀kun irú sípánà bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí ń lo epo bẹntiróò sábà máa ń sáré gan-an kí agbára rẹ̀ tó jáde. Ti dísù kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ́ńjìnnì Cummins yìí tó yí ní ẹgbẹ̀rún méjì ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, ó ti gbé agbára ìyípo rẹ̀ tí ó ga jù lọ wá sí ẹnu kílọ́ọ̀ṣì.

Kílọ́ọ̀ṣì ni ilẹ̀kùn tí ó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì. Ní ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ni kẹ̀kẹ́ irin wíwúwo kan wà tí àwọn mọkáníìkì ń pè ní fúláíwíìlì. Àwo kílọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n fi ohun tí ń di irin mú bo ojú rẹ̀ méjèèjì, ni ó fara ti fúláíwíìlì náà. Àwo irin mìíràn tí ó ní sípíríìnì wà lẹ́yìn rẹ̀, òun ni ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ fúláíwíìlì. Nígbà tí awakọ̀ bá fi ẹsẹ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ìtẹ̀mọ́ra yìí a dẹ̀, ẹ́ńjìnnì a sì máa dá yí. Nígbà tí ó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, sípíríìnì a tún tẹ àwo náà mọ́ra, ọkọ̀ a sì gbéra. Kò sí nọ́ọ̀tì tàbí bóòtù kankan tí ó de àwo kílọ́ọ̀ṣì mọ́ fúláíwíìlì. Ìdìmú lásán ni gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì ń gbà kọjá sí táyà.

Ohun mẹ́rin ni ó ń pinnu bí ìdìmú yìí ṣe lágbára tó: irú ohun tí wọ́n fi bo ojú àwo, bí sípíríìnì ṣe le tó, bí àwo ṣe fẹ̀ tó, àti iye ojú tí ó ń fara kan irin. Àwo kan ní ojú méjì. Bí wọ́n bá lo àwo méjì, ojú náà di mẹ́rin, ìdìmú a sì di ìlọ́po méjì láìjẹ́ pé wọ́n fi kún líle sípíríìnì. Kò sí ohun karùn-ún. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ fún oníbàárà pé òun yóò mú kílọ́ọ̀ṣì lágbára sí i láìfi ọwọ́ kan ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, ẹ̀tàn ni ó ń ṣe.

Bí agbára ìyípo ẹ́ńjìnnì bá ga ju agbára ìdìmú lọ, àwo a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Awakọ̀ tí ó bá fetí sílẹ̀ yóò mọ̀. Yóò tẹ tọ́rótù, ohùn ẹ́ńjìnnì yóò ga, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò ní sáré sí i. Lẹ́yìn náà ni òórùn nǹkan tí ń jóná yóò dé. Gíà tí ó ga jù lọ ni àìsàn yìí ti sábà máa ń kọ́kọ́ fara hàn, nígbà tí ọkọ̀ bá ru ẹrù, tí tọ́bò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba atẹ́gùn sínú. Ooru tí ó bá jáde lára yíyọ̀ yìí a máa sun ojú àwo, a máa la ojú fúláíwíìlì, a sì máa sọ sípíríìnì di aláìlágbára. Kílọ́ọ̀ṣì tí ó bá ti yọ̀ lónìí yóò tún yọ̀ lọ́la ju ti òní lọ.

Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà mọ gbogbo èyí. Láti ọdún 1996, píkọ́ọ̀pù Dodge tí awakọ̀ ń fi ọwọ́ pààrọ̀ gíà rẹ̀ gba ẹ́ńjìnnì tí ó ní agbára ẹṣin 215 àti agbára ìyípo 440, nígbà tí èyí tí ń pààrọ̀ gíà fúnra rẹ̀ kò gbà ju 180 àti 420 lọ. Ní ọdún 2001, ẹ́ńjìnnì kan jáde tí ó ní agbára ẹṣin 245 àti agbára ìyípo 505. Ọkọ̀ tí ó ní gíábọ́ọ̀sì onígíà mẹ́fà tí a ń fi ọwọ́ pààrọ̀ nìkan ni wọ́n fún. Ṣùgbọ́n ayé yí padà. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 2018, ọkọ̀ tí ń pààrọ̀ gíà fúnra rẹ̀ ti lè gba agbára ìyípo 930, èyí tí ó ju ẹrù àpò sìmẹ́ńtì mẹ́jọ lọ ní ìpẹ̀kun sípánà ẹsẹ̀ bàtà kan. Èyí tí awakọ̀ ń fi ọwọ́ pààrọ̀ gíà rẹ̀ kò kọjá 660. Irú ẹ́ńjìnnì Cummins kan náà, lítà 6.7, ni ó wà nínú ọkọ̀ méjèèjì. Ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni ó dín agbára ẹ́ńjìnnì kù kí ó lè bá kílọ́ọ̀ṣì àti gíábọ́ọ̀sì mu. Lẹ́yìn ọdún náà, wọ́n fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. General Motors àti Ford ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú wọn. Òótọ́ ni pé àwọn oníbàárà pẹ̀lú ti ń fẹ́ ọkọ̀ tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ohun tí irin lè rù wà níbẹ̀.

Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ ńlá wà. Ilé iṣẹ́ tí ó ní ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ àti owó rẹpẹtẹ dín agbára ẹ́ńjìnnì kù nítorí kílọ́ọ̀ṣì. Ẹnì kan tí kò ní ju sípánà àti àpótí kékeré oníná lọ sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó ń fi agbára kún un láìwo ẹ̀yìn. Nígbà tí pọ́ọ̀ǹpù dísù jẹ́ ti irin lásán, mọkáníìkì ní láti tú u kí ó tó lè fi kún epo tí ń wọ ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, iṣẹ́ náà di ti ìṣẹ́jú díẹ̀. Àpótí náà a máa pàṣẹ kí epo púpọ̀ wọlé, kí tọ́bò sì fẹ́ atẹ́gùn púpọ̀ sí i. Ẹ́ńjìnnì a gbọ́ àṣẹ. Kílọ́ọ̀ṣì kò gbọ́ ohunkóhun. Bí ó ti wà ní àná ni ó wà.

Àwọn ọlọ́kọ̀ Amẹ́ríkà tí ó gbọ́n kọ́kọ́ ń pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó fi kún agbára. Ṣùgbọ́n kò sí èrè tí kò ní ìnáwó tirẹ̀. Bí wọ́n bá lo sípíríìnì tí ó le, ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò máa ro ó nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ. Bí wọ́n bá fi ohun tí ó dà bí amọ̀ sísun bo ojú àwo, yóò di irin mú dáradára, ṣùgbọ́n ọkọ̀ yóò máa jà gìrìgìrì nígbà tí ó bá ń gbéra. Láti ọdún 2005, fúláíwíìlì onípele méjì tí ó ní sípíríìnì nínú ni ó bá àwọn ọkọ̀ náà jáde láti pa ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnnì dísù. Bí agbára bá pọ̀ jù, òun pẹ̀lú a bàjẹ́. Àwọn tí ó bá fi oníirin kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀ yóò máa gbọ́ ariwo gíà nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Lẹ́yìn gbogbo èyí, bí ènìyàn bá dí ihò kan, omi a wá ihò mìíràn. Kílọ́ọ̀ṣì tí kò yọ̀ mọ́ yóò gbé gbogbo wàhálà náà fún gíábọ́ọ̀sì. Nínú gíábọ́ọ̀sì NV4500 tí Dodge lò, nọ́ọ̀tì tí ó di gíà karùn-ún mú ni ó máa ń tú, gíà náà a sì di aláìwúlò lójú ọ̀nà.

Ìyà mìíràn tún wà tí kò kan irin. Láti lè fi kún agbára, ọ̀pọ̀ ni ó yọ àwọn ẹ̀yà tí ń sẹ́ èéfín olóró kúrò lára ọkọ̀ wọn. Ní ọdún 2020, àjọ EPA tí ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà kéde pé ó ju píkọ́ọ̀pù oní-dísù 550,000 tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí láàárín ọdún mẹ́wàá. Òfin orílẹ̀-èdè náà kò gba irú rẹ̀ láyè. Àwọn aládùúgbò ni ó ń fa èéfín náà símú.

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo èyí, pé Toyota Hilux oní-dísù tí ń rìn ní Nàìjíríà kò mọ àpótí oníná. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ọ̀nà méjì ni kílọ́ọ̀ṣì ń gbà kú. Èkíní ni agbára àpọ̀jù láti inú ẹ́ńjìnnì. Èkejì ni yíyọ̀ àpẹ́jù nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra. Ará Amẹ́ríkà ń fi kún agbára. Ọ̀pọ̀ onímọ́tò ní ilẹ̀ yìí ń fi kún ẹrù. Ojú kan náà ni ìyà méjèèjì ń sọ̀kalẹ̀ sí.

Gbogbo ọkọ̀ tí ó bá gbéra ni kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ̀ díẹ̀ kí eré táyà tó bá ti ẹ́ńjìnnì dọ́gba. Bí ẹrù bá di ìlọ́po méjì, ooru tí ó wọ inú kílọ́ọ̀ṣì a di ìlọ́po méjì. Ti gíà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá fi gíà kejì gbéra dípò gíà kìíní, tí gíà kejì náà sì yá ju ti kìíní lọ ní ìlọ́po méjì, ooru tí ó fi jó kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lè tó ìlọ́po mẹ́rin, àní ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Kí ni kí ènìyàn sọ nípa awakọ̀ tí ó fi kílọ́ọ̀ṣì mú ọkọ̀ tí ó kún fún ẹrù dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Hawan Kibo, lójú ọ̀nà Akwanga sí Jos, nítorí pé kò fẹ́ lo bíréèkì ọwọ́? Bí kílọ́ọ̀ṣì náà bá jóná tán níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò lè fa ọkọ̀ gòkè mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lè bá bíréèkì dì í mú bí ó bá ń padà sẹ́yìn. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò san gbèsè náà.

Ohun tí ó yẹ kí àwọn mọkáníìkì ṣe kò ṣòro. Kí wọ́n kọ́kọ́ bi oníbàárà léèrè irú iṣẹ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ ń ṣe àti ìwọ̀n ẹrù tí ó ń gbé. Bí oníbàárà bá fẹ́ kí wọ́n yí pọ́ọ̀ǹpù dísù sókè, kí wọ́n sọ fún un pé iye owó kílọ́ọ̀ṣì wà nínú iṣẹ́ náà. Kí wọ́n má ṣe pààrọ̀ àwo nìkan nígbà tí fúláíwíìlì ti là tàbí tí ojú rẹ̀ ti di búlúù nítorí ooru. Ibi ìdíje fífa ẹrù ní Amẹ́ríkà kì í fi èyí ṣeré. Wọ́n ń fi ohun ààbò yí ilé kílọ́ọ̀ṣì ká, nítorí fúláíwíìlì tí ó bá fọ́ nígbà tí ó ń yí kíkankíkan lè ge ènìyàn bí ọ̀bẹ. Ní ti àwọn ọmọ iṣẹ́, kí ọ̀gá wọn má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi atẹ́gùn fẹ́ eruku inú kílọ́ọ̀ṣì. Ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì wà nínú púpọ̀ lára àwọn àwo àtijọ́, eruku rẹ̀ sì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Aṣọ tí a fi omi rẹ ni ó yẹ kí wọ́n fi nù ún.

Ìjọba ní ipa tirẹ̀. Láti ọdún 1988 ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti wà, ìwọ̀n ẹrù sì wà lára ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ìyẹ̀wò náà di owó tí ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ó tọ́ kí àjọ tí ń mójú tó ìjójúlówó ọjà túbọ̀ dójú sọ àwo kílọ́ọ̀ṣì ayédèrú tí ń wọ ọjà, nítorí àwo tí kò ní ìdìmú tó kò yàtọ̀ sí ẹ́ńjìnnì tí ó lágbára jù. Kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ sì dá ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ti gba fìrídọ̀ọ̀mù tipẹ́, kí wọ́n lè mọ ọkọ̀ oníkọ̀ǹpútà ti òde òní. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè bẹ̀rẹ̀ láìdúró de ìjọba. Ìpàdé tí wọ́n ń ṣe lóṣooṣù tó ibi tí ọ̀gá mọkáníìkì kan lè gbé kílọ́ọ̀ṣì jíjóná sórí tábìlì kí ó sì fi han àwọn ọlọ́kọ̀.

Àwọn onímọ́tò yóò ní ìṣẹ́ ni ó ń mú wọn di ẹrù kún ẹrù, pé owó epo ti wọ́n, pé bí wọn kò bá dì í, ẹlòmíràn yóò dì í. Ọ̀rọ̀ wọn ní òótọ́ nínú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n jókòó ṣe ìṣirò: owó àfikún ẹrù láàárín oṣù kan ní apá kan, owó kílọ́ọ̀ṣì, owó iṣẹ́, ọjọ́ tí ọkọ̀ fi dúró àti ọjà tí ó bàjẹ́ ní apá kejì. Ẹni tí ó bá ṣe ìṣirò náà pẹ̀lú òótọ́ inú yóò rí i pé èrè tí ó rò pé òun ń jẹ ti wà lọ́wọ́ ẹni tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹni tí ó bá nílò agbára sí i, kí ó tún kílọ́ọ̀ṣì ṣe ná, kí ó wo gíábọ́ọ̀sì, kí ó wo bíréèkì, lẹ́yìn náà kí ó wá kan ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí kò lágbára láti ṣe gbogbo rẹ̀, kí ó jẹ́ kí ọkọ̀ wà bí ilé iṣẹ́ ti ṣe é, kí ó sì fi gíà kìíní gbéra. Àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wó ilé. Onílé ni kò ní gbà fún un. Ẹ́ńjìnnì kò ní sọ pé òun kò ní ba kílọ́ọ̀ṣì jẹ́. Ọlọ́kọ̀, awakọ̀ àti mọkáníìkì ni kò gbọdọ̀ gbà fún un.